Òórùn Tí Oníbúrẹ́dì Kò Gbọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Oníbúrẹ́dì gbọ́ ohùn obìnrin tó padà wá di ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò kí i, kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ohun tó bi í lórí fóònù ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ṣì wà láàyè?”

Ìyẹ̀fun ti bo Oníbúrẹ́dì dé ìgúnpá. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ẹ̀bẹ̀ ni ẹni tó wà lódìkejì fi dá a lóhùn. “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́! Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ní ká máa bèèrè nìyẹn. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ kí èèyàn, ká wá bèèrè bóyá onífóònù wà nítòsí. Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn mẹ́ta tí mo pè ṣáájú yín, ìyàwó wọn ló gbé e, ẹkún ni wọ́n sì ń sun.”

“Èmi ò tíì níyàwó,” ni Oníbúrẹ́dì fèsì, “nítorí náà kò sí ẹni tó máa bá mi sunkún. Mo wà láàyè.”

“Ọlọ́run ṣeun o,” ni obìnrin náà wí, ó sì dún bíi pé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ló ti wá.

Gbólóhùn kékeré yẹn ló wọ Oníbúrẹ́dì lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá a dúpẹ́ láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ rí, kò tíì dúpẹ́ báyìí nítorí rẹ̀.

Ọdún bíi mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni àìsàn ti mú un. Ó kọ́kọ́ dà bí ọ̀fìnkìn tí kò fẹ́ lọ: ihò imú òsì dí, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, ojú ń wú. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ ohun tó jẹ́, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, oríṣi kan tó ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ dókítà kò rí i rí. Àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí Ẹlẹ́dàá dá láti máa gbèjà ara, ló ṣọ̀tẹ̀, tí wọ́n sì fi inú imú ṣe ibùdó. Wọ́n fi ìtànṣán jó o, wọ́n fa oògùn sí i níṣan, irun rẹ̀ re, ó gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó yè. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tó lé àìsàn jáde nímú rẹ̀ lé òórùn pẹ̀lú jáde: kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Láti ìgbà yẹn, ojú àti ìka ló fi ń ṣe búrẹ́dì. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú òun kàn wà lójú fún ẹwà ni.

Iṣẹ́ obìnrin tó pè é ni láti máa wá gbogbo àwọn tí irú àìsàn yẹn ti ṣe rí, kó mọ ẹni tó wà àti ẹni tó ti lọ. Òun àti dókítà kan ló ń kó ohun tí wọ́n bá rí jọ: ọjọ́ orí aláìsàn, ibi tí àìsàn náà ràn dé, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ń fi ṣe ìṣirò tó lè sọ, bí aláìsàn tuntun bá dé, bí ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ṣe lè gùn tó, kí àwọn tó ń tọ́jú lè mọ ẹni tó nílò oògùn líle àti ẹni tí kò yẹ kí wọ́n fi dá lóró. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Oníṣirò.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kó máa pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ó pe Oníbúrẹ́dì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

“Ṣé ẹ ṣì wà?”

“Mo wà. Ṣé oṣù mẹ́fà ti pé ni?”

“Rárá o. Mo kàn ní kí n tún wádìí ni.”

“Ẹ máa wádìí lọ. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, ojú rẹ̀ ló máa fi rí i. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà.”

Ó wá ní Sátidé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó gbé báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ, ó sì jẹ búrẹ́dì gbígbóná lórí ìdúró títí bọ́tà fi ń kán sí i lọ́wọ́. Ó wá ní Sátidé kejì. Kò pẹ́ tó fi di pé kì í dúró de Sátidé mọ́. Á yà láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọn á máa bá ara wọn jiyàn, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì fa gbogbo ohun tó jẹ mọ́ Oníbúrẹ́dì lé dókítà lọ́wọ́. Ó ní, “Mi ò lè máa ṣírò ẹni tí mo fẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Oníbúrẹ́dì nínú títí di òwúrọ̀ tí Oníṣirò gbàgbé agbòjò rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, tí òun sì gbé e tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì náà kò tóbi. Tábìlì méjì ló kọjú síra wọn níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lórí wọn, àti àga àlejò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ìdí tábìlì kejì ni dókítà náà jókòó sí. Ó ga débi pé orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì láti ìsàlẹ̀. Dókítà Gàgàrà ni gbogbo èèyàn ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Oníbúrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ pé, “O tún ti gbé òórùn yẹn wọlé o! Gbogbo ọ́fíìsì ti gbà á kan.”

Oníṣirò rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì fa afẹ́fẹ́ sínú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún fà á títí àyà fi dùn ún, kò gbọ́. Obìnrin tí òun fẹ́ ní òórùn tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀, ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá á ti mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni kò ní mọ̀ ọ́n láé. Ó gbé agbòjò lélẹ̀, ó kí wọn ní ìkíni tútù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ríra, ó bi í bíi pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan, “Lọ́fínńdà wo lo máa ń lò?”

“Èmi? Mi ò lo nǹkan kan. Mo ti pa á tì láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé o ò lè gbọ́ ọ.”

Ó mi orí bíi pé ó gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ní irọ́ ni. Bí kò bá lo nǹkan kan, kí ni ọkùnrin yẹn ń yìn? Láti ọjọ́ náà ni owú ti bá a wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá a pò, ó ń bá a gé. Bó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ìdúpẹ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa bi Olúwa pé kí ló dé tó fi dá àwọn kan ga tó báyìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ṣe alárinà wọn lọ́dọ̀ ìyá Oníṣirò. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, òun ló ń fa oògùn sí Oníbúrẹ́dì níṣan nígbà àìsàn, òun àti ìyá náà sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá gbé omi tútù fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, ó káwọ́ mọ́ àyà.

“Ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó ká jọ sọ̀rọ̀,” ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí.

“Ibi tí mo dúró sí dára fún mi. Etí mi ń gbọ́.” Ó wá kọjú sí Oníbúrẹ́dì. “Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ. O tẹpá mọ́ṣẹ́, o bẹ̀rù Ọlọ́run. Àmọ́ èyí tí o wá fẹ́ yìí, kò tíì wọ ilé ìwé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń sùn sórí ibùsùn èèyàn méjì. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi mọ bí ibùsùn ṣe máa ń fẹ̀ tó.”

“Màmá, ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà,” ni Oníbúrẹ́dì dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni ti ọkọ mi wà.” Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ tó ń ṣírò ti gbogbo ayé, kí ni ìṣirò wí nípa tèyí?”

Oníṣirò tẹjú mọ́lẹ̀. “Wọn ò fi tirẹ̀ sọ́wọ́ mi mọ́, Màmá. Mi ò fẹ́ mọ̀.”

“Èmi fẹ́ mọ̀. Ẹ lọ gbọ́ ohun tó wí, kí ẹ wá sọ fún mi. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wọ ilé yìí.” Ó tún wo ọmọ rẹ̀. “Dókítà gíga tó fi mọ́tò gbé ọ wálé lọ́jọ́ òjò yẹn ńkọ́? Ara tirẹ̀ le, àbí kò le?”

“Màmá!”

Oníbúrẹ́dì gbé ife omi tútù náà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìta ló ti wá bi Oníṣirò léèrè.

“Ó gbé ọ wálé?”

“Òjò ń rọ̀.”

“Òjò máa ń rọ̀ sórí èmi náà.”

“Jọ̀ọ́, má bẹ̀rẹ̀,” ni Oníṣirò wí, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tí Oníbúrẹ́dì gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó lọ mú Oníṣirò kí wọ́n jọ jẹun ọ̀sán. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kò padé tán. Ó gbọ́ ohùn Oníṣirò nínú, ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

“Má sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ọ́. Má tiẹ̀ jẹ́ kó hàn lójú rẹ.”

“Títí di ìgbà wo ni màá máa dákẹ́?” ni Dókítà Gàgàrà béèrè. “Ó yẹ kí ọkùnrin yẹn mọ̀.”

“Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Tó bá ti fẹ́ mi tán, kò ní lè yí i padà mọ́.”

Oníbúrẹ́dì yí padà. Kò mọ bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ki búrẹ́dì sínú ààrò, ó jókòó, ó ń wo ògiri. Nígbà tó gbọ́ ariwo, àwọn aládùúgbò ló ń ya wọlé, wọ́n ń húkọ́, wọ́n di imú mú, wọ́n ń pariwo pé iná, iná. Èéfín ti kún gbogbo ibẹ̀. Òun jókòó sí àárín rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀.

Nígbà tí Oníṣirò pè é, ó jẹ́ kí fóònù dún títí kó tó gbé e.

“Ṣé o ṣì wà láàyè?” ni Oníṣirò béèrè, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀.

“Mo wà láàyè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa pe ẹlòmíì.”

“Ìgbà wo ni mo ti di ‘ẹ’ lọ́dọ̀ rẹ?”

Ó pa fóònù náà. Kò gbé e mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá dún ni ọkàn rẹ̀ ń fò.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wá bá a. Kò kí i. Ó wo àwọn búrẹ́dì tó ti di èédú ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì wo Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀.

“Kí ló ṣe ọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ò jẹun, kò mu.”

“Kí dókítà rẹ̀ fún un lóúnjẹ.”

“Dókítà wo?” Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “O dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, o fetí kó ìdajì ọ̀rọ̀, o wá sáré wálé wá jó búrẹ́dì! Mo fọwọ́ ara mi fa oògùn sí ọ níṣan títí iṣan fi sá fún mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owú wá pa ohun tí jẹjẹrẹ ò rí pa. Dìde! Lọ bi ọkùnrin náà lójúkojú.”

Ó dìde. Oníṣirò kò sí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn mìíràn ni iṣẹ́ gbé e lọ. Dókítà Gàgàrà nìkan ló wà níbẹ̀.

“Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ,” ni Oníbúrẹ́dì wí láìjókòó. “Ẹ ní ó yẹ kí n mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀.”

Dókítà dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún padà jókòó. “Ọ̀rọ̀ ara yín ni. Ìṣirò tiyín ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí ẹ bá béèrè. Kí Oníṣirò tó fa ọ̀rọ̀ yín lé mi lọ́wọ́, ó ti rí èyí tó jáde fún ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn. Ká mú èèyàn mẹ́wàá tó wọlé bí ẹ ṣe wọlé nígbà náà, mẹ́rin péré ló máa ń rí ọdún karùn-ún.”

Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà, ó sì fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó ní òun á fẹ́ yín bẹ́ẹ̀,” ni dókítà ń bá a lọ. “Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní ẹ ò fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di opó, ẹ ó sì fi òun sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.”

“Mẹ́rin nínú mẹ́wàá,” ni Oníbúrẹ́dì wí.

“Ti ọjọ́ yẹn ni. Kì í ṣe ti òní.” Dókítà tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yí i sí i. “A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí èyí tó jẹ́ ti àwọn tó ti rìn jìnnà lẹ́yìn ìtọ́jú. Àárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni àìsàn yìí máa ń padà jù. Ẹ ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yín sì mọ́. Ká mú mẹ́wàá tó dúró síbi tí ẹ dúró sí báyìí, mẹ́sàn-án ló ń bá ọ̀nà wọn lọ. Mi ò sọ pé ẹ ò lè jẹ́ ẹnì kẹwàá o. Ìṣirò wa mọ èrò, kò mọ ẹnì kan. Ọlọ́run ló mọ ẹnì kan.”

Oníbúrẹ́dì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó ní, “Ṣé ó ti mọ èyí?”

“Kò mọ̀. Ó ní kí n má sọ, mo sì ṣègbọràn.” Ọkùnrin gíga náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Mo ṣègbọràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ó burú ni, ẹnu mi ì bá ti yọ. Èyí tó dára yìí ni mo fi èdìdì dì. Tó bá wo ojú mi láti mọ̀ bóyá ìròyìn dára, màá fajú ro, á yíjú kúrò. Mo ti sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún un kí ẹ tó dé. Ó ní ẹ̀gbọ́n lòun fi mí ṣe. Ọlọ́run dárí jì mí.”

Ó yẹ kí Oníbúrẹ́dì bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tó ń ta á láyà.

“Àti òórùn ńkọ́?”

“Òórùn wo?”

“Èyí tí ẹ máa ń yìn lára rẹ̀. Ó ní òun ò lo lọ́fínńdà.”

Dókítà Gàgàrà yí àga rẹ̀ sí i. “Ẹ ò mọ̀? Òórùn búrẹ́dì ni. Ṣọ́ọ̀bù yín ló ń rùn lára rẹ̀, nínú irun, nínú aṣọ. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo ti mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí òórùn yẹn ti fojú mi rí!”

Oníbúrẹ́dì jókòó lórí àga tó fì náà. Láti gbogbo ìgbà yìí, ara rẹ̀ ló ti ń jowú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìyá Oníṣirò ló gbà lọ. Bí Oníṣirò ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun dì mọ́ ọn tàbí kí òun ti ilẹ̀kùn.

“Mo ti lọ bá dókítà,” ni Oníbúrẹ́dì wí. “Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo jowú, mo sì gọ̀. Dárí jì mí. Èyí tó sọ...”

“Má sọ ọ́!” Ó sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Má tíì sọ ọ́. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?”

Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Ó tó. Ìgbà tí mo rò pé ó burú ni mo ti ní màá fẹ́ ọ. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n fẹ́ ọ bí gbogbo obìnrin ṣe ń fẹ́ ọkọ, láìmọ̀.”

“Ó dára fún ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ mọ̀,” ni ohùn kan wí láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, níbi tí ìyá dúró sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. “Èmi fẹ́ mọ̀. Wá sọ ọ́ sí mi létí.”

Oníbúrẹ́dì wo Oníṣirò. Oníṣirò yíjú sí ògiri, ó fọwọ́ di etí méjèèjì. Oníbúrẹ́dì sún mọ́ ìyá, ó sì sọ ọ́ sí i létí bó ṣe gbọ́ ọ, mẹ́sàn-án àti ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ètè ìyá ń mì bí ẹni tó ń ka àdúrà. Lẹ́yìn náà ó rìn wá sí àárín yàrá, ó fa àga kan sún mọ́ àga tí Oníbúrẹ́dì máa ń jókòó sí, ó jókòó, ó sì tú ẹ̀mí sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn.

Oníṣirò yíjú padà, ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó.

“Màmá, ẹ dìde!”

“Mi ò dìde. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí.”

“Màmá, ẹ ti sọ ọ́! Ẹ ti fi ìjókòó yín sọ fún mi!” Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Ìyá na ọwọ́ kan sí i, ó na èkejì sí Oníbúrẹ́dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú búrẹ́dì tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Dókítà Gàgàrà jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nítorí àwọn tí gíga rẹ̀ lè dí lójú, Oníbúrẹ́dì sì rìn lọ bá a níbẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

Níwọ̀n bí kò ti bójú mu kí Oníṣirò máa pe ọkọ ara rẹ̀ láti wádìí, wọ́n gba ọmọbìnrin tuntun síbi iṣẹ́ pípe èèyàn. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, tọkọtìyàwó náà ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún láàárín wọn. Oníbúrẹ́dì tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ohùn tó rọ̀, tó ń gbọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ṣì wà láàyè?”

Kí ọkọ tó lanu, ìyàwó ti gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó wà láàyè. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Òfin ní oṣù mẹ́fà, àbúrò mi. Má tún pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o.”